Ẹni Tó Dúró ní Ibùdó Kẹta

"Bàbá Oníwèé, ẹrù yín kan wà níbí o. Láti Amẹ́ríkà ni."

Kúbúrátù, ọmọbìnrin tó ń jókòó sídìí fèrèsé ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti ẹrù náà gba abẹ́ irin fèrèsé bọ́ síwájú Simeon Onàfúwà. Simeon kò fọwọ́ kàn án. Káàdì Kérésìmesì tí yóò tà ní ilé ìtàwé ìjọ ló wá gbà, kò retí ohunkóhun láti òkè òkun. Ó kàn ń wo okùn tí wọ́n fi di ẹrù náà, bí ẹni tó bá ejò lórí àkéte.

"Ìgbà wo ló dé?"

"Èmi ò lè sọ o, Bàbá. Àná tí mò ń gbálẹ̀ ni mo rí i lórí pẹpẹ. Àwọn ọ̀gá wa náà ò rántí pé àwọn gbà á wọlé. Ẹ wò ó, sítáǹbù wà lára rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó lu òǹtẹ̀ kankan mọ́ ọn." Ó rẹ́rìn-ín. "Bóyá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wá."

"Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́!"

Ohùn náà le ju bí Simeon ṣe rò lọ. Ẹ̀rín kú lẹ́nu Kúbúrátù. Simeon ní kó má bínú, ó fọwọ́ síwèé, ó gbé ẹrù náà sábẹ́ abíyá, ó sì jáde sínú ọyẹ́. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n oòrùn funfun lójú ọ̀run bí ojú afọ́jú. Ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì kò hàn rárá. Àwọn tó ń bọ̀ lójú títì kì í yọ títí wọn yóò fi súnmọ́ èèyàn pẹ́kípẹ́kí, wọn yóò wá kí i, eruku yóò sì tún gbé wọn mì. Ó dé iwájú ilé ìtàwé kó tó rántí pé òun kò gba káàdì tí òun tìtorí rẹ̀ jáde.

Ọwọ́ Walter ló kọ orúkọ tó wà lára ẹrù náà. Walter, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n ti sin.

Ọdún 1964 ni Walter wọkọ̀ òkun lọ sí Amẹ́ríkà láti kàwé. Ó yẹ kó padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ dè é mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ nílé. Nígbà tó yá, ojú ń tì í láti wálé lọ́wọ́ òfo. Ohun kan tí kì í yẹ̀ ni pé bí Kérésìmesì bá ti ń súnmọ́, ìwé kan yóò dé. Kì í ṣe ìwé ẹ̀kọ́, kì í sì í ṣe ìwé àdúrà. Ìwé nípa bésíbọ́ọ̀lù ni, eré àwọn ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, tí ẹni tó gbá a yóò sáré kúrò ní ibi tí wọ́n ń pè ní ilé, tí yóò yí ibùdó mẹ́ta ká, títí yóò fi padà délé.

Simeon kò fojú rí eré náà rí. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀. Àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù ló kún ara ògiri ilé onígbàjámọ̀, ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n ni àwọn ọmọ ń sín jẹ, fíìmù India ni àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń sunkún lé lórí. Nígbà kan tó gbìyànjú láti ṣàlàyé bésíbọ́ọ̀lù fún Albert, olórí akọrin ìjọ wọn, Albert fetí sílẹ̀ dáadáa, ó wá ní, "Eré wo lèyí tí gbogbo wọn dúró gbagidi bí ẹni tí mọ́tò Ìbàdàn já sílẹ̀?" Láti ọjọ́ náà ni Simeon ti panu mọ́. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn àwọn ìwé náà bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn orin tí wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ti kà wọ́n tó fi mọ̀ pé ẹni tó bá ń kọ̀wé nípa bésíbọ́ọ̀lù kì í pẹ́ gbàgbé bọ́ọ̀lù. Kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti bàbá rẹ̀ tó kọ́kọ́ mú un lọ síbi eré, ti àwòrán kékeré àwọn eléré tí wọ́n máa ń bá nínú páálí ṣíńgọ́ọ̀mù, ti ẹgbẹ́ tó kó kúrò nílùú tí àwọn àgbàlagbà fi sunkún, ti orin tí gbogbo èrò máa ń dìde kọ nígbà tí eré bá ti wọ̀ lára, bí ìjọ tó dìde kọ orin ìkẹyìn. Èyí tó dùn jù lọ níbẹ̀, lójú Simeon, ni ìwé àwọn tí kò mọ eré náà ṣe rárá, tí wọ́n kàn jókòó wò ó títí irun fi funfun lórí wọn. Irú òun náà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò tíì wò ó rí.

Ẹnì kan péré ló ń bá a dá sí ọ̀rọ̀ náà: ìyá wọn, Mọ́ṣádé. Nígbà tí Ìyá wà nílé ẹ̀kọ́ míṣọ̀n, àwọn ọmọbìnrin máa ń gbá ráńdásì, eré tó fara jọ bésíbọ́ọ̀lù, wọ́n sì ní kò sẹ́ni tó lè lé e bá. Ní báyìí ojú rẹ̀ ti fọ́. Simeon ló ń ka àwọn ìwé náà fún un ní Yorùbá, ojú ìwé kan lóòjọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ìyá mọ àwọn eléré náà bó ṣe mọ àwọn ọba Júdà: èyí tó ṣe rere, àti èyí tó ṣe búburú.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1980 dé. Theophilus, ará Ìbẹfún tó ń gbé ìlú kan náà pẹ̀lú Walter, wálé fún ìsinmi. Ó sọ fún Simeon pé àìsàn òtútù ti pa Walter, wọ́n sì ti sin ín sọ́hùn-ún. Ó gbé agolo kékeré kan lé e lọ́wọ́: irun àti èékánná, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó kú sí ìdálẹ̀, kí ohun kan lára rẹ̀ lè sùn nílé. Simeon àti Rachel, àbúrò rẹ̀ obìnrin, gbé agolo náà lọ sí agboolé bàbá wọn ní Odògbólú, wọ́n sì sin ín. Wọn kò sọ fún Ìyá. A kì í fi sàréè ọmọ han ìyá tó bí i. Àwọn àgbà ẹbí ní tí Ìyá bá gbọ́, yóò tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, bí Kérésìmesì bá dé, Simeon yóò fa ìwé àtijọ́ kan yọ, yóò fi pépà àti okùn tuntun dì í, yóò sì gbé e wálé. "Ìyá, ìwé Walter ti dé o." Bí ó ti ń ṣe nìyẹn lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ Ìsinmi, kì í lè gbójú sókè bí wọ́n bá ń ka òfin tó ní kí á má purọ́.

Rachel ti ń dúró dè é nínú ilé ìtàwé. Ó ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ kan ní Ìjàgun, wọ́n sì ti gba ìsinmi.

"Bùọ̀dá mi, kí ló dé? Ẹ funfun bí ẹni tó wọ eérú."

Simeon gbé ẹrù náà sórí àwọn ìwé orin. Rachel wò ó, ó sì rọra jókòó.

Kókó ìdì tó wà lára okùn náà kò ṣe é tú. Simeon fi ọ̀bẹ gé okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ìdì náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sì ki okùn náà sápò. Ìwé bésíbọ́ọ̀lù ló wà nínú pépà. Kò sí lẹ́tà. Etí ojú ìwé kan wà ní kíká sí igun mẹ́ta, bí Walter ti máa ń ká a láti fi ibi tí yóò dùn mọ́ Ìyá jù hàn wọ́n. Simeon ṣí ojú ewé ìṣáájú, níbi tí wọ́n ń tẹ ọdún sí. 1984. Ọdún tí wọ́n wà nínú rẹ̀ nìyẹn.

"Ó ti kú kí wọ́n tó tẹ ìwé yìí," ni Rachel sọ.

"Tàbí kí ó má kú."

"Irun inú agolo yẹn ńkọ́? Ẹ ṣáà rántí pé ó funfun. Mo ní irun Bùọ̀dá Walter dúdú kirikiri nígbà tó lọ, ẹ ní òtútù ibẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀."

"Mo rántí."

Rachel rẹ ohùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjì péré ló wà níbẹ̀. "Ẹ má kọ̀wé sí i. Mo bẹ̀ yín. Ṣé ẹ rántí ọkọ obìnrin Ìjẹ̀bú-Igbó yẹn? Wọ́n sin ín tán, olóbì kan rí i ní Kàdúná, ó ń rán bàtà. Ìyàwó rẹ̀ wọ rélùwéè, ó lọ wá a. Nígbà tó débẹ̀, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára bàtà, òwú rẹ̀ ṣì ń mì, kò sẹ́nì kankan lórí àga. Àkúdàáyà ni. Ẹni tó bá kú síbì kan tó lọ ń gbé bí alààyè níbòmíràn, tí ará ilé bá ti wá a kàn, yóò pòórá."

"Inú Ìwé Mímọ́ wo lo ti rí àkúdàáyà?"

"Inú Ìwé Mímọ́ wo lẹ ti rí bésíbọ́ọ̀lù?"

Simeon kò lè ṣe kó má rẹ́rìn-ín.

"Bí a bá dákẹ́," ni Rachel ń sọ lọ, "ìwé á máa dé. A ó mọ̀ pé ó wà níbì kan. Bí ẹ bá kọ̀wé, tó sì pòórá, a ó tún sin ín lẹ́ẹ̀kejì. Èmi ò ní agbára rẹ̀ mọ́."

"Bó bá jẹ́ alààyè ńkọ́? Rachel, láti ọjọ́ tí Theophilus ti dé, a ò kọ ọ̀rọ̀ kan sí Walter. A ní ó ti kú. Lójú tirẹ̀, àwa la kú."

Rachel fa pépà ẹrù náà sọ́dọ̀, ó ń wo àdírẹ́sì tí Walter kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Theophilus tí wọn ì bá bi léèrè ti padà sí Amẹ́ríkà tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́. Wọ́n fẹnu kò pé àwọn yóò ka ìwé náà fún Ìyá bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún, àwọn yóò sì gbé pépà tí àdírẹ́sì wà lára rẹ̀ pamọ́ títí àwọn yóò fi gbàdúrà sí i.

Nígbà tí àwọn méjèèjì délé, Ìyá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀gúsí nínú atẹ. Ọyẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo òdìkejì títì tán.

"Kí rè é, Simeon, tí ẹsẹ̀ ẹ fi wúwo báyìí?"

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá. Ìwé Walter ti dé o."

"Ṣé ó ti dé? Ó mà tètè dé lọ́tẹ̀ yìí." Ìyá na ọwọ́. Òun ló máa ń gba okùn, nítorí kì í fi okùn ṣòfò. Simeon ti tọwọ́ bọ àpò, ó sì ti fi okùn sí àtẹ́lẹwọ́ Ìyá kí ọkàn rẹ̀ tó sọ fún un pé rárá.

Ìka Ìyá yí okùn náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó dé ibi ìdì, ó dúró. Ẹ̀gúsí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì bọ́ sílẹ̀.

"Ta ló di èyí?"

Ìyá tún fi ìka wá ìdì náà.

"Ìdì agbọ̀n obì ni. Nígbà tí bàbá yín ń kó obì lọ sí òkè Ọya, èmi àti Walter là ń dì í, ìwọ Simeon kò tíì lè di okùn ṣòkòtò ara rẹ nígbà náà. Bàbá yín fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n dì. Ìyá mi ló kọ́ mi, èmi ni mo kọ́ Walter." Ó fi ìka méjì tẹ abẹ́ ìdì náà, ó fa ẹnu okùn kan, ó sì tú wọ̀ọ̀ bí irun ọmọdé. Ó gbé ojú rẹ̀ tó fọ́ sókè, ó sì kọ ọ́ sí ibi tí wọ́n dúró sí gan-an.

"Èyí tí ẹ sin sí Odògbólú, ta ni?"

Rachel di òpó mú. Simeon gbọ́ tí atẹ́gùn ọyẹ́ ń fa ewé gbígbẹ lórí páànù, bí ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ lórí òrùlé.

"Ìyá, ẹ mọ̀?"

"Ẹ̀yin méjèèjì lọ sí Odògbólú, ẹ dé, ẹ ò mú gààrí bọ̀. Rachel fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọrin ṣọ́ọ̀ṣì láìgbé ohùn sókè. Ṣé ẹni tó bí yín ni kò ní mọ̀? Mo ní ẹ kò fẹ́ kí n mọ̀, ẹ jẹ́ kí n má mọ̀." Ó mi orí. "Àti àwọn ìwé tí ò ń dì wá fún mi. Simeon, nínú ìwé kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni eléré ọlọ́wọ́ òsì yẹn ti ṣubú ní ibùdó kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì pariwo, kí inú ẹ lè dùn."

Ojú ti Simeon, omi sì lé ròrò sí ojú náà. Ó kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdọ̀bálẹ̀ ni ti ọkùnrin.

"Dìde," ni Ìyá wí. "Kà á fún mi. Ibi tó ká."

Simeon jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ṣí ibi tí etí ewé ti ká, ó sì ń tú u sí Yorùbá bó ti ń lọ. Ìtàn ìlú kékeré kan létí adágún ni. Ẹgbẹ́ ìlú náà ń ṣe eré tó kẹ́yìn ọdún. Ọkùnrin kan ti sá kọjá ibùdó kìíní, ó kọjá ìkejì, ó ti dúró ní ìkẹta. Ilé nìkan ló kù. Òjò bá dé. Wọ́n dá eré dúró, wọ́n ní àwọn yóò parí rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ọjọ́ náà kò dé. Ẹgbẹ́ tú ká, wọ́n kọ́ ilé ìtajà sórí pápá, àwọn tó wo eré náà ń kú tán lọ. Ẹni tó kọ ìwé náà wá sọ pé kò sẹ́ni tó parí eré yẹn, nítorí náà kò sẹ́ni tó yọ ọkùnrin náà kúrò níbẹ̀. Ó ṣì dúró sí ibùdó kẹta, omi òjò ń kán ní fìlà rẹ̀, ó kọjú sílé.

Simeon pa ìwé náà dé. Eruku ti dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ilé wọn. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan dúró lódìkejì títì, ó kọjú sí wọn, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tẹjú mọ́ ọn, igi àgbálùmọ̀ ilé kejì ni.

"Kí ló dé tí kò dá sáré wálé?" ni Ìyá béèrè.

"Ó ṣòro, Ìyá. Bó bá dá sáré, wọn yóò mú un. Ẹni tó wà nílé ló yẹ kó gbá bọ́ọ̀lù, kí ẹni tó wà ní ibùdó kẹta lè rí àyè sáré wálé."

"Ta ló wà nílé?"

Simeon tún ṣí ìwé náà.

"Mo ní ta ló wà nílé?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ni Rachel ké. "Bí a bá pè é, tó sì jẹ́ pé òkú ni, a ò ní gbúròó rẹ̀ mọ́ láéláé."

Ìyá wá ọwọ́ Rachel títí ó fi rí i, ó fà á wá sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Wọ́n gbé ẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀ wá fún Jákọ́bù, ó gbà á, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún sunkún ọmọ tó ń jẹun ní Íjíbítì. Ẹ̀wù kì í ṣe ọmọ. Irun kì í ṣe ọmọ. Bí Walter bá wà láàyè, ó ti dúró pẹ́. Bó bá sì jẹ́ òkú, ọmọ mi, ó ti rẹ̀ ẹ́ jù. Ṣé kí n fi í sójú òjò nítorí kí n lè máa rí ìwé gbà? Bó bá jẹ́ òkú, jẹ́ kó lọ bá Olúwa rẹ̀ kó sinmi. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ pè é."

Lójú ẹsẹ̀ ni Simeon padà sí ilé ìtàwé, ó mú ìwé orin tuntun kan kúrò lórí pẹpẹ, ó gbé e wálé. Ojú ewé ìṣáájú ló kọ ọ́ sí, bí Ìyá ti pè é fún un: *Walter, èmi ìyá rẹ ni. Mo wà nílé. Máa bọ̀.* Ìyá fúnra rẹ̀ ló dì í. Okùn Walter náà ló lò. Simeon wo ìka rẹ̀ dáadáa kí òun náà lè kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí okùn gbà wọlé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Kúbúrátù wọn ẹrù náà, ó lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, ó ní kí Simeon fi sínú àpótí tó wà níta. Simeon ti ki ìdajì rẹ̀ bọ ẹnu àpótí kí ọwọ́ rẹ̀ tó kọ̀ láti tú u sílẹ̀. Ó rántí abẹ́rẹ́ tó ṣì wà lára bàtà. Ó rántí òwú tó ń mì. Èrò ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọyẹ́, wọ́n ń kí i, kò sì mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ó gbàdúrà kan tí kò ní ju orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ó sì tú u sílẹ̀. Ó dẹtí títí ó fi gbọ́ tó balẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àpótí.

Nígbà tó délé, gbogbo fèrèsé yàrá Walter ti ṣí. Rachel wà nínú rẹ̀, ó fi ìborí di imú, ó ń gbá eruku jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn ń wọlé bó ti ń gbá a. Kò wojú Simeon. "Bó bá dé, kó má lọ bá ilé lẹ́gbin," ni ohun kan ṣoṣo tó sọ.

Ìyá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti ní kí wọ́n gbé àga òun síwájú, títí dé etí àtẹ̀gùn, ó sì kọjú sí títì tí kò sẹ́ni tó lè rí òpin rẹ̀.

"Ṣé o ti fi ránṣẹ́?"

"Mo ti fi ránṣẹ́, Ìyá."

"Ó dára." Ó ká ọwọ́ sórí itan, bó ti ń ṣe bí ìwé bá dé ibi tó dùn. "Àwa ti gbá tiwa. Ó ku kó sáré."